Nígbà Tí Bayi Sáré ní Sùúrùlérè

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ ní Yábàá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú eré máìlì ló ń jọba lọ́jọ́ ìdíje. Àwọn tó ń sá 100 mítà náà ń gba àtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kí èèyàn tó na ọrùn wò wọ́n, wọ́n ti sá a tán. Máìlì ló ń fún èrò láyè láti yan ẹni tiwọn, kí wọ́n bá a ṣàníyàn, kí wọ́n máa pe orúkọ rẹ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, kí ìlù sì máa tẹ̀ lé e yí pápá ká. Nínú ìwé ètò, 1,500 mítà ni wọ́n ti ń kọ nígbà náà, nítorí ìjọba ti ń kó ìwọ̀n wa kúrò ní ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́nu tiwa, máìlì ló ṣì ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì ṣe máa pè é níhìn-ín.

Orí pápá yẹn ni àríyànjiyàn tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo, gbà pé kò sí eré ọ̀nà jíjìn kankan tí ìyára máìlì kò sí nídìí rẹ̀. Bí a bá sọ fún un pé eré ojú títì la fẹ́ sá, á ní ká kọ́kọ́ lọ sá máìlì kan fún òun wò. "Ogún ọdún tí ajá fi ń sáré, ìrìn fàájì ni fún ẹṣin," á wí bẹ́ẹ̀, á sì gbójú sórí aago ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ní Ẹbúté Mẹ́ta, kò gbà rárá. Lójú tirẹ̀, ẹni tó yára ti máa ń tán kó tó dé ibi tí eré gígùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní bàbá bàbá wa máa ń gbẹ́rù lórí rìn láti abúlé dé ọjà Ṣàgámù, kò sì sáré rí láyé rẹ̀. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwọ ṣáà máa wò ó."

Èmi wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo lè sá máìlì kan kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà gbalaja ni ọkàn mi fẹ́ ju yíyí pápá ká lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn ẹnu lásán fún mi. Mo fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí n máa fi ìrọ̀lẹ́ mi ṣe: ṣé kí n máa sá máìlì kan ṣoṣo títí yóò fi dùn ún sá, àbí kí n gba ọ̀nà Ìkejà lọ kí n má wẹ̀yìn?

Oṣù kìíní ọdún 1973 ni Áfíríkà wá bá wa nílé. Ọjọ́ kìíní oṣù yẹn ni náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, gbogbo Èkó sì ń ṣírò owó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó san án. Nígbà tó di ọjọ́ 7, Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì bẹ̀rẹ̀ ní pápá ìṣeré tuntun ní Sùúrùlérè. Brazzaville ni àkọ́kọ́ ti wáyé ní 1965. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ni, Gowon wà lórí àlééfà, ìlú sì fẹ́ kí àlejò rí i pé a ti dìde. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ rìn láti Ojúẹlẹ́gba gba Western Avenue, nítorí ọkọ̀ kò rí ọ̀nà kọjá láàárín èrò. Ọyẹ́ ti fi eruku bo ojú ọ̀run, ètè gbogbo wa gbẹ, òórùn bọ̀ọ̀lì sì gba gbogbo ẹnu ọ̀nà pápá náà kan.

Ohun ayọ̀ pọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀. Modupe Oshikoya gba góòlù mẹ́ta: eré onígi 100 mítà, ìfò sókè àti ìfò gígùn. Ọmọ tiwa ni, orúkọ tiwa ló ń jẹ́, mi ò sì rí i kí ènìyàn gba irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ èrò rí. A gba góòlù bọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbé lọ sílé, tí kò tíì kúrò lára mi títí dòní, ni eré àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà.

Kip Keino wá. Ẹni tí kò bá sí láyé nígbà náà kò lè mọ ohun tí orúkọ yẹn jẹ́ fún wa. Ní Mẹ́síkò ní 1968, ó na Jim Ryun ará Amẹ́ríkà, ẹni tí kò sí ẹni tó tíì sá máìlì yára tó o láyé nígbà náà, nínú 1,500 mítà. Ó tún gba sílífà 5,000 mítà níbi ìdíje kan náà. Ní Munich ní 1972, ó gba góòlù 3,000 mítà onígi, eré tí wọ́n ti ń fo igi tí wọ́n sì ń bọ́ sómi, ó sì gba sílífà ní 1,500. Ẹ̀gbọ́n mi ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin ẹnikẹ́ni, pé kí n má fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àfi bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Tànsáníà, Filbert Bayi, ṣe jáde ní 1,500 mítà. Nígbà yẹn, àwọn tó mọ̀ nípa eré máa ń sọ pé kí asáré fara pa mọ́ sẹ́yìn ẹlòmíì, kó jẹ́ kí ẹni iwájú máa gba atẹ́gùn, kó wá tú jáde ní ìyípo ìkẹyìn. Bayi kò bá wọn lọ́wọ́ sí ìyẹn. Iwájú ló fẹ́, iwájú náà ló sì ti ń sá, ọrùn rẹ̀ nà gbọọrọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé èèyàn kò gbọ́ ọ nílẹ̀. Pápá dìde. Gbogbo wa ń retí pé Keino yóò mú un níbi tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Keino kò mú un. Ọmọ Tànsáníà náà ló gba góòlù lójú wa ní Èkó, tí ayé kò tíì mọ̀ ọ́n. Mo rántí pé ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orí, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀.

Síbẹ̀, eré tó yí èrò mi padà kì í ṣe máìlì. Nínú 5,000 mítà, Ben Jipcho ọmọ Kẹ́ńyà pàdé Miruts Yifter ọmọ Etiópíà. Yifter kéré lára, orí rẹ̀ ti ń pá, ìrísí rẹ̀ sì jọ ti olùkọ́ Kùránì ju ti asáré lọ. Òun ló gba góòlù 10,000 mítà ní Sùúrùlérè. Jipcho ní tirẹ̀ jẹ́ ẹni máìlì: òun ló sáré ṣáájú fún Keino ní Mẹ́síkò láti fi dá Ryun lágara. Ìyípo àárín eré náà ti parẹ́ lójú mi. Ìyípo ìkẹyìn ló kù. Ó ti rẹ àwọn méjèèjì, ooru Èkó ti mu wọ́n, ó wá ku ẹni tó ṣì lè sá bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Jipcho ló lè ṣe é. Ó kọ́kọ́ dé orí ìlà, Yifter tẹ̀ lé e. Jipcho yìí náà ló tún gba góòlù 3,000 mítà onígi.

Ní ọ̀nà ilé, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i? Máìlì ló fi nà án."

"Ìyẹn 5,000," ó dá mi lóhùn. "Jẹ́ kí á rí máráthọ́ọ̀nù."

Máráthọ́ọ̀nù, eré ẹlẹ́mìí ẹṣin, máìlì 26 àti díẹ̀. Mamo Wolde ló gba góòlù rẹ̀, ẹni ogójì ọdún, tó ti gba ti Òlímpíìkì ní Mẹ́síkò ní 1968 àti bàbà ní Munich. A lọ dúró lẹ́bàá títì láti wò ó kọjá. Kò yára lójú. Ojú rẹ̀ tutù, apá rẹ̀ kò fì, ó ń lọ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ṣé o rí máìlì kankan lára èyí?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá wa nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ti ń retí ìbéèrè náà láti ọdún pípẹ́. Ó bi mí bóyá mo mọ eré tí Wolde sá nígbà àkọ́kọ́ tí Etiópíà lọ sí Òlímpíìkì, ní Melbourne ní 1956. Mi ò mọ̀. Ó ní 800 mítà àti 1,500 mítà ni, pẹ̀lú eré àfọwọ́fà ti 400 mítà lọ́nà mẹ́rin. Wọ́n já a kúrò kó tó dé ibi àṣekágbá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjìlá ló fi rìn láti 800 dé góòlù máráthọ́ọ̀nù.

Lẹ́yìn náà ló mú ẹfun, ó ṣírò fún mi lára pátákó. Ní Mẹ́síkò, níbi tí atẹ́gùn ti fúyẹ́, Wolde sá máráthọ́ọ̀nù ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 20 àti ìṣẹ́jú àáyá 26. Bí a bá pín in, máìlì kọ̀ọ̀kan gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 21. "Ìwọ tí o ń sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún," ó ní, "bí o bá sá ti Wolde, o ti lo gbogbo agbára rẹ tán ní máìlì kejì. Ẹni tó lè sá a ní ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ ńkọ́? Á máa mí ní ìrọ̀rùn." Mo wá rí ìdí tó fi fẹ́ràn òwe ajá àti ẹṣin.

Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò nílẹ̀, mo sì rò pé ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un. Bó bá jẹ́ máìlì ni gbogbo rẹ̀, kí ló dé tí Bayi kò gba máráthọ́ọ̀nù? Kí ló dé tí Ryun, tó fi ọdún púpọ̀ ṣolórí máìlì láyé, kò di nǹkan kan lójú títì? Ó pẹ́ kí n tó rí ìdáhùn, ó di ìgbà tí mo jáde yunifásítì, tí mo di olùkọ́ bàọ́lọ́jì, tí èmi náà sì ń kó àwọn ọmọ jáde sí pápá nírọ̀lẹ́.

Ara wa ní ọ̀nà méjì tó ń gbà wá agbára fún eré. Ọ̀kan kò dúró de èémí. Òun ló ń gbé ẹni tó ń sá 100 mítà, ó sì máa ń tètè tán. Ìkejì ni èyí tí atẹ́gùn tí a mí sínú fi ń jó oúnjẹ inú iṣan. Ọ̀pọ̀ rò pé máìlì sún mọ́ 100 mítà ju máráthọ́ọ̀nù lọ, nítorí pé pápá kan náà ni wọ́n ti ń sá méjèèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú máìlì, ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára lọ tó ń ti inú èémí wá. Ẹni tó bá ń sá máìlì dáadáa ti ní ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde lọ́pọ̀, irú èyí tí ẹni máráthọ́ọ̀nù náà ń wá. Nǹkan tí kò tíì ní ni èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ láìmọ orúkọ rẹ̀. Ṣúgà tí iṣan àti ẹ̀dọ̀ lè tọ́jú kò pọ̀, ó sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára ọ̀pọ̀ asáré nígbà tí wọ́n bá dé nǹkan bí máìlì 20. Ara gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń jó ọ̀rá pẹ̀lú rẹ̀, kó kọ́ bí a ti ń lo díẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí egungun àti iṣan sì kọ́ bí a ti ń gba ìlù ojú títì fún wákàtí méjì láìfọ́. Ìyẹn kò sí nínú máìlì. Ọ̀pọ̀ ọdún lójú ọ̀nà ló ń fúnni ní i, àwọn bíi Wolde sì san ọdún wọ̀nyẹn pé.

Àárín àwọn ọdún 1970 ni ìròyìn eré ti ń wá bá wa lórí rédíò, ọ̀pọ̀ ìgbà ní òru, tí a ó gbé etí sún mọ́ ọn kí àwọn àgbà má bàa jí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1973, Jipcho sá 3,000 mítà onígi yára ju ẹnikẹ́ni láyé lọ, ní Helsinki. Ní oṣù kejì ọdún 1974, ní Christchurch ní New Zealand, Bayi tún mú iwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ 1,500 mítà dé òpin, ó sá a ní ìṣẹ́jú 3, ìṣẹ́jú àáyá 32.16, kò sì sí ẹni tó tíì sá a bẹ́ẹ̀ rí láyé. John Walker ọmọ New Zealand lé e títí, kò bá a. Ta ló ṣe ìkẹta? Jipcho ni, tó ti gba góòlù 5,000 àti ti 3,000 mítà onígi níbi ìdíje kan náà. Ọkùnrin kan, eré mẹ́ta, ẹsẹ̀ máìlì kan náà nídìí gbogbo wọn. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́ rẹ̀ láti sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún mi, kò sì gbà.

Ọdún 1976 dùn mí. Gbogbo ayé ń retí Bayi àti Walker ní Montreal, Áfíríkà sì fa ọwọ́ sẹ́yìn nítorí ẹgbẹ́ rọ́gbì New Zealand tó lọ bá àwọn aláwọ̀ funfun South Africa ṣeré. Mo gbà pé ó tọ́ láti fa ọwọ́ sẹ́yìn, mo sì tún sunkún fún Bayi. Walker gba góòlù náà.

Ní Moscow ní 1980 ni Yifter wá gba ohun tirẹ̀. Ọkùnrin tí Jipcho ṣíwájú rẹ̀ lójú wa ní Èkó gba góòlù 5,000 àti 10,000, ọ̀nà tó sì gbà ṣe é ló jẹ́ kí n pariwo níwájú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí nǹkan bí 300 mítà kù nínú 10,000, ó tú jáde bí ẹni tí kò tíì sáré lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó lè tẹ̀ lé e. Lójú mi, ìyípo ìkẹyìn yẹn jọ èyí tí Jipcho sá ní Sùúrùlérè.

Lójú títì náà, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àìfarahàn. Juma Ikangaa, sójà láti Tànsáníà, jẹ́ asáré tí mo fẹ́ràn gan-an, ẹni tó máa ń mú iwájú láìbẹ̀rù. Ní Boston ní 1988, òun àti Ibrahim Hussein ọmọ Kẹ́ńyà jọ sá máìlì 26, wọ́n sì jọ yà sí òpópónà tó kẹ́yìn. Hussein ló ní ẹsẹ̀ tó yára jù fún ìwọ̀nba tó kù. Ìṣẹ́jú àáyá kan ló wà láàárín wọn: wákàtí 2, ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú àáyá 43 sí 44. Ikangaa tún ṣe ìkejì ní Boston ní ọdún méjì tó tẹ̀ lé e.

Lòdì sí tèmi, ẹ̀gbọ́n mi lè mú Paula Radcliffe ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, mo sì gbà á fún un. Lórí pápá, àwọn tó yára jù ú lọ máa ń fi í sílẹ̀ ní ìyípo ìkẹyìn. Ní 2003 ó sá máráthọ́ọ̀nù London ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 25, ó sì pẹ́ gan-an kí obìnrin kankan tó sá a yára jù bẹ́ẹ̀. Ó rí ọ̀nà láti má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́ kù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tí òpin bá dé. Ìgbà tí a wà lọ́mọdé, kò tilẹ̀ sí máráthọ́ọ̀nù fún obìnrin ní Òlímpíìkì. 1984 ni wọ́n tó fi í sí i. Àbúrò mi obìnrin, tí mo rò pé ó lágbára jù mí lọ, kò sá ju 400 mítà lọ rí ní ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n fi òpin sí fún wọn. Mo rò ó nígbà tí mo ń wo Sifan Hassan ní Paris ní 2024. Òun ló sá máìlì yára jù nínú obìnrin láyé ní 2019, ìṣẹ́jú 4, ìṣẹ́jú àáyá 12.33. Ní Paris ó gba bàbà ní 5,000 àti 10,000, ó sì tún jáde fún máráthọ́ọ̀nù. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló fi ṣáájú Tigst Assefa ọmọ Etiópíà, ẹni tí 800 mítà ti jẹ́ eré rẹ̀ rí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ọmọ Nàìjíríà tó tíì gba àmì ẹ̀yẹ Òlímpíìkì nínú eré tó ju 400 mítà lọ. Kì í ṣe pé a kò bí wọn. Àwọn ọmọ tó ń sá máìlì kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé pọ̀ láyé tèmi, lórí pápá koríko, láìní bàtà. Ọjọ́ ìdíje ilé ẹ̀kọ́ parí, wọ́n fún wọn ní abọ́ tánganran, eré wọn sì parí síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé máìlì ni ìbẹ̀rẹ̀. Láti 2016 ni Èkó ti ní máráthọ́ọ̀nù tirẹ̀, àwọn ọmọ Kẹ́ńyà àti Etiópíà ni wọ́n sì ń wá gba owó rẹ̀ lọ lójú títì tí a ti ń sá kiri.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dàgbà gan-an báyìí, ó sì ń fi fóònù bá mi jà. Kelvin Kiptum ni ohun ìjà rẹ̀: ọmọ Kẹ́ńyà tí kò ní orúkọ kankan lórí pápá, tó ti ojú títì wá tààrà, tó sì sá máráthọ́ọ̀nù Chicago ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 35, kí ìjàǹbá ọkọ̀ tó pa á ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. "Níbo ni máìlì tirẹ̀ wà?" ó bi mí. Mo ní kí ó mú bírò. Ìdajì kejì eré yẹn gba Kiptum ní ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 47. Ìyẹn ni máìlì 13 àti díẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 34, lẹ́yìn tó ti sá 13 mìíràn ṣáájú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kò ní ẹnì kan tó lè sá ẹyọ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀."